Òǹtẹ̀ Ìdí Ìbọn

Ìbọn kan dá ìjà sílẹ̀ ní ìlú kan ní ilẹ̀ Èkìtì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yìn ín. Ọjọ́ pẹ́ tí ìbọn náà ti dákẹ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá olórí ẹbí kan ni ibùgbé rẹ̀, ọdọọdún sì ni wọ́n máa ń gbé e jáde láti fi epo pa á lára nígbà ọdún ìdílé wọn. Ohun tí àwọn ará ilé náà gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wọn ni pé ó wà lára àwọn ìbọn tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó fi ránṣẹ́ sílé nígbà ogun Kírìjì, àti pé baba ńlá wọn ni ó fi jà lábẹ́ Ògèdèǹgbé. Orí ìtàn yìí ni wọ́n gbé ẹ̀tọ́ wọn sí oyè ogun kan ní ìlú náà lé.

Nígbà tí oyè yìí ṣófo, ọmọ ilé kejì kan tí ó kàwé sún mọ́ ìbọn náà, ó sì rí i pé 1862 ni a kọ sára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ni ó bá ké gbàjarè. Ó ní ọdún 1877 ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀. Ogun Ìjàyè ni ó wà nílẹ̀ láti 1860 títí di 1862, Ìbàdàn ni ó sì ja ogun náà ní àjàṣẹ́gun. Bí ìbọn bá ti jẹ́ ti 1862, a jẹ́ pé lẹ́yìn àwọn Ìbàdàn ni baba ńlá wọn ti gbé e kọ́ èjìká, kì í ṣe lẹ́yìn Èkìtìparapọ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Ohun tí a fi ń yangàn tẹ́lẹ̀ di ohun tí a fi ń búni.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Èmi kì í ṣe ọdẹ, n kì í sì í ṣe ológun. Iṣẹ́ èdè àti ìtàn Yorùbá ni mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnìkan tí ó mọ̀ mí ti sọ fún wọn pé mo máa ń wo àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Bàbá tí ó jẹ́ olórí ẹbí náà gbé ìbọn sí iwájú mi, ó ní, “Dókítà, ẹ bá wa bi í léèrè. Bí irọ́ ni àwọn bàbá wa pa fún wa, ẹ má fi bò.” Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi níhìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè yé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí àwọn ìjọba Òyìnbó ṣe máa ń sàmì sí ohun ìjà wọn, pàápàá nígbà tí wọ́n bá tún èyí tí ó ti gbó rọ.

Òkè òkun ni mo ti kọ́ ìmọ̀ yìí, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1794 ni ìjọba Amẹ́ríkà fìdí ilé ìrọ̀bọn ńlá kan múlẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n tì í, ó sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ibẹ̀ ni John Garand ti ṣe ìbọn tí wọ́n ń pè ní M1, èyí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà ní ọdún 1936 tí wọ́n sì fi ja Ogun Àgbáyé Kejì. Kí ogun náà tó parí ní 1945, wọ́n ti rọ bí mílíọ̀nù mẹ́rin nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá wo ẹ̀gbẹ́ òsì igi ìbọn Garand tí kò tíì bàjẹ́ yóò rí òǹtẹ̀ kan tí wọ́n fi òòlù lù wọnú igi náà. Inú àpótí kékeré ni lẹ́tà SA wà, èyí tí ó dúró fún ilé ìrọ̀bọn Springfield. Abẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́ta mìíràn wà, àwọn lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀gágun tí ilé ìrọ̀bọn náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nígbà náà. GHS ni Gilbert H. Stewart, tí ó wà níbẹ̀ títí di 1942. GAW ni George A. Woody, tí òun náà wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. NFR ni Norman F. Ramsey, tí ó wá dé ní 1944. Lẹ́tà P tí a yí òbìírí ká sì wà níbi tí ọwọ́ ti ń di ìbọn mú. Ó ń sọ fún wa pé wọ́n ti fi ọta tí agbára rẹ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ dán ìbọn náà wò, kò sì fọ́.

Nígbà tí mo rí èyí, ẹ̀rín pa mí. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín èyí àti bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka ọdún? Bí àgbàlagbà kan bá fẹ́ sọ ìgbà tí a tẹ ọjà kan dó, kì í dárúkọ ọdún. Ohun tí yóò wí ni pé ayé ọba báyìí ni. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn ọba ṣe tẹ̀ lé ara wọn yóò mọ ìgbà tí ó ń wí. Bákan náà ni ẹni tí ó bá mọ bí àwọn ọ̀gágun Springfield ṣe tẹ̀ lé ara wọn yóò mọ ìgbà tí wọ́n rọ ìbọn, bí kò tilẹ̀ rí ọdún kankan kà lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbọn ogun kì í wà bí a ṣe rọ ọ́. Òjò a pa á, ẹrẹ̀ a wọ̀ ọ́, ọ̀pá rẹ̀ a jẹ, igi rẹ̀ a sán. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń bọ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà kó àwọn ìbọn tí wọ́n ti lò ní Ogun Àgbáyé Kìíní jáde láti tún wọn rọ. Nígbà tí ó parí, wọ́n kó àwọn Garand náà padà wọ àwọn ilé ohun ìjà fún iṣẹ́ kan náà. Wọn kì í ṣe àtúnrọ yìí bí ìgbà tí a mú ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́n máa ń tú ìbọn palẹ̀ pátápátá ni. Wọ́n á kó gbogbo ọ̀pá jọ síbì kan, wọ́n á kó gbogbo igi jọ síbòmíràn, wọ́n á wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ èyí tí ó ti jẹ jù nù, wọ́n á sì to ìyókù pọ̀. Kò sí ẹni tí ó bìkítà bóyá ọ̀pá ìbọn yìí àti igi rẹ̀ jọ jáde láti ilé kan náà. Nítorí náà ni a fi lè rí ìbọn tí irin rẹ̀ jẹ́ ti 1942, tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ti 1944, tí igi rẹ̀ sì ti ara òmíràn wá.

Bí iṣẹ́ bá parí, olùyẹ̀wò á tún fi òǹtẹ̀ lu igi náà. Òǹtẹ̀ àtúnrọ nìyẹn. RIA ni ti Rock Island, erékùṣù kan láàárín odò Mississippi. AA ni ti Augusta ní Georgia. SAA ni ti San Antonio ní Texas. OG ni ti Ogden ní Utah, BA sì ni ti Benicia ní California. Lẹ́tà orúkọ olùyẹ̀wò máa ń tẹ̀ lé òmíràn nínú wọn. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni OGEK: Elmer Keith ni EK, ọ̀gbẹ́ni kan tí ìwé tí ó kọ nípa ìbọn sọ di olókìkí ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ṣiṣẹ́ olùyẹ̀wò ní Ogden nígbà ogun náà. Ohun tí òǹtẹ̀ yìí ń wí kò ju pé: èmi báyìí ti wo ìbọn yìí, mo fi orúkọ mi dúró fún un, ẹni tí ó bá gbé e lọ sójú ogun kò ní kú nítorí tirẹ̀. Igi ìbọn mìíràn ní òǹtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ìyẹn ni pé ó ti wọ ilé àtúnrọ tó ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Mo kọ́ ohun mẹ́ta nídìí wọn. Èkíní ni pé lẹ́tà nìkan kò tó. Bí ẹni tí ń kọ́ èdè wa ṣe mọ̀ pé ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kì í ṣe ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ni òǹtẹ̀ rí. SA lára Garand, Springfield ni. Ṣùgbọ́n bí a bá rí SA nínú àpótí lára ìbọn Mosin tí wọ́n rọ ní Rọ́ṣíà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Finland ni, àwọn tí wọ́n gba ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà. RA lè jẹ́ ilé àtúnrọ Raritan ní New Jersey. Ó sì lè jẹ́ ilé iṣẹ́ Remington tí ó kọ́kọ́ rọ ìbọn náà. Àwọn àmì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà àti irú ìbọn tí ó wà lára rẹ̀ ni wọ́n dúró bí àmì ohùn fún un.

Èkejì ni pé ọdún tí a bá kọ sára apá kan kì í ṣe ọdún gbogbo ara. Ẹni tí ó bá ka ọdún kan ṣoṣo lára ìbọn tí a ti tún rọ, tí ó sì sọ pé òun ti mọ ọjọ́ orí rẹ̀, dà bí ẹni tí ó rí òpó àtijọ́ kan nínú ilé tuntun, tí ó ní ilé náà ti wà láti ayé Àwólẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé ohun tí ó bá níye lórí ni a máa ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Àwọn tí ń kó ìbọn àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà ń san owó púpọ̀ lórí òǹtẹ̀ tí ó bá hàn dáadáa. Nítorí èyí, àwọn oníjìbìtì ti rọ òòlù òǹtẹ̀ tiwọn. Ọgbọ́n tí a fi ń dá wọn mọ̀ kò le: igi àti òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ dàgbà ni. Bí ara igi bá ti họ, tí ó ti dán nítorí ọwọ́ tí ó ti gbà á mú, ṣùgbọ́n tí etí lẹ́tà òǹtẹ̀ mú bí abẹ, kí a fura. Ogbó kò lè ti ara igi kọjá kí ó fo òǹtẹ̀ dá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Èkìtì. Ìbọn tí Bàbá gbé síwájú mi kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Ìlú Ọba ni ó ti wá. Adé wà lára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́tà VR tí ó dúró fún Ọbabìnrin Victoria wà lábẹ́ rẹ̀, TOWER àti 1862 sì wà níwájú. Ohun tí ọmọ ilé kejì kà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn náà wò, mo rí i pé ìdérí kan wà níbẹ̀ tí ń ṣí sápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìbí méjì ni wọ́n bí i.

Ní ọdún 1853 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn Enfield kan tí à ń kì láti ẹnu. Ọmọ ogun á da ẹ̀tù sí i, á ti ọta bọ̀ ọ́, á fi ọ̀pá gún un, kí ó tó yìn ín. Akínkanjú lè yìn ín tó ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan. Orúkọ TOWER tí ó wà lára púpọ̀ nínú wọn ń tọ́ka sí ilé ohun ìjà àtijọ́ tí ń bẹ ní London, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Birmingham ni wọ́n ti jáde. Nígbà tí ó fi máa di àárín ọdún 1860 sí 1870, ìbọn tí à ń kì lẹ́yìn ti gba ayé kan ní Yúróòpù, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ní ọ̀kẹ́ àìmọye ìbọn àkìlẹ́nu nílẹ̀. Ṣé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù ni? Ará Amẹ́ríkà kan, Jacob Snider, ni ó mú ọgbọ́n wá. Wọ́n gé ìdí ọ̀pá ìbọn kúrò, bí ínṣì méjì àti ààbọ̀, wọ́n sì lọ́ irin tuntun tí ó ní ìdérí mọ́ ọn. Igi àtijọ́ ni, ọ̀pá àtijọ́ ni, irin ẹ̀gbẹ́ tí a kọ ọdún sí náà sì wà bí ó ṣe wà. Ọdún 1866 ni ìjọba gba àtúnrọ yìí. Ìbọn tí ń dún ní ẹ̀ẹ̀mẹta wá ń dún tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárín ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, 1862 ni ọdún tí wọ́n rọ irin ẹ̀gbẹ́ ìbọn Bàbá. Ṣùgbọ́n lára irin ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí II àti ìràwọ̀ kékeré méjì. Irú àtúnrọ tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì sí kí ó tó di 1867. Mo fi aṣọ tútù nu epo ọdọọdún kúrò lápá ọ̀tún ìdí ìbọn, mo sì gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Òǹtẹ̀ olóbìírí méjì ni ó jáde. Ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Èyí ni ti ìrọ àkọ́kọ́. Ìkejì ṣì ṣeé rí, mo sì ka ENFIELD nínú rẹ̀. Nítòsí wọn ni ọfà méjì wà tí wọ́n forí kanrí. Ọfà kan ṣoṣo ni àmì pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni nǹkan. Bí ọfà méjì bá forí kanrí, ìjọba ti yọ ọwọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn, ó ti tà á fún oníṣòwò.

Láti 1871 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn Martini-Henry rọ́pò Snider. Ohun tí ó wá di àlòkù lọ́wọ́ wọn di ohun ńlá nílẹ̀ wa. Ogun Kírìjì ti wà lórí àwọn òkè tí ó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé nígbà tí ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ tí ó wà ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ìbọn yìí gba ọ̀nà Oǹdó ránṣẹ́ sílé. Ṣakabùlà ni àwọn jagunjagun mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìró ìbọn tí ń kọ lù lórí òkè ni àwọn òpìtàn sọ pé ó bí orúkọ Kírìjì. Àwọn Ìbàdàn, tí Ààrẹ Látòósà jẹ́ olórí wọn títí ó fi kú ní 1885, kò rí ogun náà yanjú bí wọ́n ṣe rò. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé àlàáfíà. 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó.

Mo pe ìdílé méjèèjì jọ, mo sì sọ ohun tí mo rí. Mo ní ìbọn yìí kò lè jẹ́ èyí tí wọ́n gbé lọ sí Ìjàyè, nítorí pé nígbà tí ogun Ìjàyè fi parí, bí a ṣe ń rí i yìí kọ́ ni ó wà, ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì wà títí di ẹ̀yìn 1867. Nítorí náà, ẹ̀sùn tí wọ́n fi 1862 gbé kalẹ̀ ti wó. Àwọn ará ilé Bàbá pàtẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Òǹtẹ̀ tí ó gbà wọ́n sílẹ̀ yìí kò wí pé Kírìjì ni wọ́n ti lò ó. Snider kò yé wọ ilẹ̀ wa lẹ́yìn 1886. Ẹnikẹ́ni lè ti rà á lọ́wọ́ oníṣòwò fún iṣẹ́ ọdẹ. Ibi tí ọfà méjì ti forí kanrí ni ẹ̀rí igi parí sí. Láti ibẹ̀ lọ, ẹnu ẹ̀dá ni a óò máa gbọ́ ọ.

Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ dunnú. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé Kírìjì ni ìbọn náà ti wá. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo kà ni mo lè fọwọ́ sí. Bí mo bá fi èyí tí n kò rí kún un, èmi àti ẹni tí ń rọ òǹtẹ̀ ayédèrú ò yàtọ̀.” Ó wò mí títí, ó wá ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni.” Mo sì yíjú sí àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án. Mo rán wọn létí pé Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀ ti bá àwọn Ìbàdàn jagun rí kí ó tó di olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pé baba ńlá ẹni kan kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ Ìbàdàn, ṣé èébú ni? Kò sí ẹni tí ó dá mi lóhùn.

Ohun kan wà tí n kò tíì mẹ́nu bà. Ọrùn igi ìbọn náà ti ṣẹ́ rí. Ẹnìkan fi irin pẹlẹbẹ méjì dè é, ó sì fi awọ wé e mọ́lẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gbé ìbọn láìmì títí di òní. Alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa ni. Òun náà tún ìbọn rọ gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Enfield ti ṣe, ṣùgbọ́n kò lu òǹtẹ̀ kankan sí i. Mo bi Bàbá bóyá a mọ ẹni tí ó ṣe é. Lójú ẹsẹ̀ ni ó dárúkọ alágbẹ̀dẹ náà, ó dárúkọ agboolé rẹ̀, ó sì kì í. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí ọwọ́ wọn ti kan ìbọn yìí, òun nìkan ni a mọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, bẹ́ẹ̀ inú igi kọ́ ni a ti kà á. Bí Bàbá bá lọ láìjẹ́ pé ẹnìkan gbọ́ ọ, òǹtẹ̀ yẹn ti parẹ́ nìyẹn, kò sì sí oòrùn tí a lè gbé ìdí ìbọn sí kí ó tún jáde.

Nígbà tí mo ń dìde, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé náà mú sáńpépà àti fánńìṣì wá. Ó ní àwọn fẹ́ họ ìdí ìbọn náà kí ó lè máa dán nígbà tí àwọn bá gbé e jáde lọ́jọ́ oyè. Mo gba sáńpépà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi sí àpò mi.